Ebi Tó Dé Nígbà Tí Ìyá Fúnmi Lọ sí Àbújá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ kí n ròyìn ebi kan tó bá mi fà á. Kì í ṣe ebi àìrí-oúnjẹ-jẹ o! Oúnjẹ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, mo sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé, síbẹ̀ ebi ò lọ.

Ìgbà yẹn, ìjọba alágbádá ò tíì pẹ́ tó padà dé, fóònù alágbèéká sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìgboro. Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, láàárín àwọn onítẹ̀wé. Èmi ò tẹ̀wé ní tèmi, pépà ni mo ń gé. Kàlẹ́ńdà ni o, ìwé ìpè ìgbéyàwó ni o, tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá kí etí rẹ̀ lè gún régé. Bàrígà ni mò ń gbé, èmi àti Ìyá Fúnmi, ìyàwó mi. Àwọn ọmọ ti lọ sílé wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni Fúnmi, àkọ́bí wa, bímọ ní Àbújá. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ta ni yóò wẹ ọmọ tuntun bí kò ṣe ìyá ìyá rẹ̀? Ìyá Fúnmi di ọṣẹ dúdú, ó di òrí, ó di àdí àgbọn, ó ní oṣù mẹ́ta ni òun máa lò.

Kó tó lọ, ó pe gbogbo obìnrin inú ilé jọ, ó fà mí lé wọn lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun máa wo Bàbá Fúnmi, nítorí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbà dáná. Irọ́ ni! Mo mọ̀ ọ́n sè. Ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Ṣé ẹ mọ ohun tí ojú ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ lọ wẹ ọmọ máa ń rí? Oúnjẹ! Ìyá Ṣeun tó ń gbé lókè wa, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tiwa, á gbé ìkọ́kọrẹ́ wá. Alhaja, ìyàwó onílé, á gbé mọ́ínmọ́ín wá. Bó bá di ọjọ́ Sunday, àwọn ìyá ìjọ á gbé kúlà ìrẹsì dé. O ò sì gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Tóo bá kọ̀ ọ́, wọ́n á ní o ń fura sí àwọn. Tóo bá jẹ ẹ́ kù, wọ́n á béèrè ohun tó ṣe ọbẹ̀ àwọn.

Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́ mọ́ àwọn obìnrin náà. Lẹ́yìn tí mo bá ti jẹ tiwọn tán, èmi fúnra mi ni mo máa ń jáde lọ ra búrẹ́dì. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀pà ò kúrò lápò mi. Bọ̀ọ̀lì tó bá ń kọjá, mo ti pè é. Èmi tó jẹ́ pé kí Ìyá Fúnmi tó lọ, mo jẹun láàárọ̀, mo jẹun nírọ̀lẹ́, ó tán! Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mo rí, ṣòkòtò mi ni. Kò pàdé mọ́. Mo gbé e lọ bá alágbàfọ̀ mi tìbínú-tìbínú, mo ní omi gbígbóná tó ń lò ti jẹ́ kí aṣọ mi sún kì. Ọkùnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n mú bẹ́líìtì mi wá, ó ní bóyá òun náà lòun fọ ìyẹn. Mo gbé ṣòkòtò mi, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀rọ̀ ò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ tí òyì kọ́ mi nídìí iṣẹ́. Mo ń to pépà sábẹ́ ọ̀bẹ mọṣíìnì ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọpẹ́lọpẹ́ Alhaji Súnmọ́nù, ọ̀rẹ́ mi tó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi. Òun ló fà mí sẹ́yìn, tó sì mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan l'Ónípanu.

Nọ́ọ̀sì kan tí kò ju Fúnmi lọ ló yẹ̀ mí wò. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ò mọ bí àwọ̀ntúnwọ̀n nọ́ọ̀sì ṣe máa ń dẹ́rù bani! Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní ó ga gan-an, ara mi náà sì ti wúwo jù, pé tí n bá ń bá a lọ báyìí, rọpárọsẹ̀ ò jìnnà.

Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi ń to pépà. Ọwọ́ yẹn ló rán àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Tó bá wá rọ ńkọ́? Ṣé kí Ìyá Fúnmi ti ibi tó ti ń wẹ ọmọ tuntun dé, kó wá máa wẹ èmi náà?

Nọ́ọ̀sì fún mi lóògùn, ó sọ oúnjẹ tó yẹ kí n dín kù, lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Dádì, ìgbà wo gan-an ni ebi yìí máa ń pa yín?" Mo ní ebi kì í wo aago. Ó ní kí n lọ máa ṣọ́ ọ. Kí n tó fi nǹkan sẹ́nu, kí n kọ́kọ́ wádìí ibi tí ebi náà wà lára mi.

Ẹ gbọ́, ó ti bá mi níbi tó dùn mọ́ mi! Èmi ni mọṣíìnì máa ń dún kíín tí n ò ní sinmi, àfi tí mo bá tú u palẹ̀ rí ohun tó ń dún. Mo kúrò l'Ónípanu bí ọlọ́pàá tí wọ́n fún níṣẹ́ ìwádìí.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ fura sí ni aràn. Mo ra oògùn aràn, mo lò ó. Èrè tí mo rí níbẹ̀ ò ju pé mo ń sáré lọ sẹ́yìnkùlé lọ. Ebi ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà tó yá ni mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tí mọṣíìnì bá ń ṣiṣẹ́, n kì í rántí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kí NEPA ṣá ti mú iná lọ, kí gbogbo àdúgbò dákẹ́ wọ̀ọ̀, ọwọ́ mi ti dé inú ẹ̀pà. Háà! Ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn! Mo sáré lọ sọ fún Alhaji Súnmọ́nù pé NEPA ló ń mú mi sanra.

Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní kí n dárúkọ ọdún kan tí NEPA ò mú iná lọ láti ìgbà tí a ti wà ní Ṣómólú. Ó ní ṣebí NEPA yìí náà ló wà nígbà tí mo rí pẹlẹbẹ. Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ń sọ fún mi pé mo ti sún mọ́ nǹkan náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Ṣeun gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, tòun ti ẹja. Mo jẹ ẹ́, mo fi ọwọ́ gbá abọ́ mọ́. N kò tíì jókòó dáadáa tí mo tún fi dìde, ó di ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Mo padà dé, mo bu búrẹ́dì, mo fẹ́ fi sẹ́nu ni mo rántí nọ́ọ̀sì.

Mo gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó le gbagidi! Àyè ò sí níbẹ̀ rárá. Mo wádìí ọ̀nà ọ̀fun, kò sí ebi níbẹ̀. Ta ló wá rán mi ní búrẹ́dì?

Mo gbé búrẹ́dì lé itan, mo jókòó. Ilé dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé àga tó wà níwájú mi ni mo ń wò láti àárọ̀, àga Ìyá Fúnmi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe máa ń ṣe nílé wa. Tí ìyàwó mi bá gbé oúnjẹ fún mi, á jókòó sórí àga yẹn, á bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Ẹni tó bú ẹni létí omi níbi tó ti lọ ra ẹja, bí olórí ẹgbẹ́ wọn ṣe gbé ojú sókè ní ìpàdé, gbogbo rẹ̀ ló máa ń sín jẹ. Èmi ò ní sọ ju "ẹn-ẹ́n" lọ. Mò ń jẹun, mò ń gbọ́. Bí mo bá ti ṣan ọwọ́ báyìí, á dìde, á kó abọ́, ìròyìn parí nìyẹn títí di ọjọ́ kejì.

Kí ni mo wá kọ́ láti máa ṣe? Tí mo bá rí i pé oúnjẹ fẹ́ tán, tí ìròyìn sì ń dùn lọ, màá ti abọ́ sí i, màá ní, "Fi díẹ̀ kún un." Á bù ú, á tún jókòó. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tọrọ àfikún, n kò sì mọ̀ pé kì í ṣe ọbẹ̀ ni mò ń tọrọ.

Ní báyìí tí kò sí nílé, mò ń fi kún un, mò ń fi kún un, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀! Etí mi ni ebi ń pa, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan nínú pálọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà ò dà bí ẹ̀rín mọ́, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Àárò ìyàwó mi ló ń sọ mí. Àgbà ọkùnrin bíi tèmi, n kò mọ̀!

Ẹ lè ní ṣebí fóònù wà. Ó wà. Ọkọ Fúnmi ló ra ọ̀kan fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí a ṣe ń lo fóònù nígbà yẹn. Pẹ̀lú ariwo ni, pẹ̀lú ìkánjú ni, kí káàdì má tán. Á béèrè bóyá mo ti jẹun, màá ní mo ti jẹun. Á béèrè ohun tí mo jẹ, màá sọ ọ́. Ó dáa, ẹ kí wọn o, ó ti pa á. Màá sì wọlé lọ wá nǹkan jẹ.

Ní ọjọ́ kejì, mo gun òkè lọ sí bákónì onílé, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, mo pè é. Kò tíì kí mi tán tó fi béèrè oúnjẹ. Mo ní, "Ìyá Fúnmi, fi ti oúnjẹ sílẹ̀ ná. Jókòó. Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lónìí?"

Ó fi igbe ta, "Bàbá Fúnmi, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní ṣé ara mi ò yá ni. Mo ní ara mi ti ń yá. Ẹnu mi wúwo, ẹ gbà mí gbọ́, n kò sọ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kí Alhaja má bàa gbọ́. Mo ní, "Àárò rẹ ló ń sọ mí."

Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ṣá!" Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, bí ọmọ ṣe ń jà tó bá rí omi, bí àna wa obìnrin ṣe fẹ́ kọ́ òun ní ọmọ wíwẹ̀. Ó sín in jẹ délẹ̀délẹ̀, títí káàdì fi tán. Mo sọ̀kalẹ̀ wálé, mo bá abọ́ tí Alhaja gbé dè mí. Mo jẹ ìwọ̀nba, mo dé èyí tó kù. Ó yà mí lẹ́nu púpọ̀.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló ti tán o. Mo ń lo oògùn, mo ń padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Mo ṣàlàyé fún àwọn obìnrin ilé, wọ́n sì gbà, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbé wá. Tí NEPA bá mú iná lọ, ọ̀dọ̀ Alhaji Súnmọ́nù ni mò ń lọ jókòó sí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹ̀pà ṣì borí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Fúnmi dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé oúnjẹ fún mi, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ ìwọ̀nba mi, mo ṣan ọwọ́. Ó dìde láti kó abọ́. Mo ní kó jókòó, abọ́ ò ní sá lọ. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àṣírí "fi díẹ̀ kún un" láti bí ọgbọ̀n ọdún.

Ó ń wò mí. Mo rò pé ó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka fa etí ìró rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ò ṣe béèrè ìdí tí mo fi ń sè é kó pọ̀ ju èèyàn méjì lọ? Tí oúnjẹ bá ti tán, ẹ ó dìde lọ síta."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ tún kà á. Ó ń sè é kó pọ̀ kí n má bàa dìde. Mò ń jẹ ẹ́ kó pọ̀ kó má bàa dìde!

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Tí ikùn bá kún tí ẹnu ò sì sinmi, ẹ má kàn máa bú ara yín ní wọ̀bìà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ebi náà ohun tó ń wá. Ó lè jẹ́ àárẹ̀, ó lè jẹ́ ìbànújẹ́, ó sì lè jẹ́ èèyàn kan tó yẹ kí ẹ pè.

Tiyín ńkọ́? Kí ni ẹ máa ń jẹ nígbà tí ebi ò pa yín, ta ni kò sì sí nítòsí nígbà náà? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí. Èmi àti Ìyá Fúnmi la jọ máa kà á, òun ló máa kà á sókè, èmi á máa gbọ́.