Táìsì Ilé Ìwẹ̀ Wa ní Àgbádárìgì

Nígbà tí ọkọ mi kọ́ ilé wa dé òrùlé, a kò tíì jà rí. Táìsì ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa. Tíṣà ni ọkọ mi, ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, òun ló sì fi ọkọ̀ ojú omi kó táìsì náà dé láti Èkó. Funfun báláú ni wọ́n, wọ́n gùn ju bí wọ́n ti fẹ̀ lọ, wọ́n sì ń dán. Ògiri ilé ìdáná àti ti ilé ìwẹ̀ ló fẹ́ fi wọ́n bò. Láyé òyìnbó ìgbà náà, ilé tó ní irú rẹ̀ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Bíríkìlà kan wá láti ìlú Apá, ó tẹ́ díẹ̀ nínú wọn sórí iyanrìn àgbàlá fún wa láti wò.

"Ṣé kí n tò wọ́n lórí ara wọn ṣánṣán ni, àbí bí a ti ń to bíríkì, kí ọ̀kan jókòó sáàárín méjì?"

"Ṣánṣán ni," ọkọ mi dáhùn. "Kó tò lẹ́sẹẹsẹ bí igi àgbọn oko àwọn fadá ní Topo."

Mo ní, "Bí bíríkì ni, Tíṣà. Tó bá jẹ́ ṣánṣán, bí ìlà kan bá wọ́ díẹ̀, gbogbo ayé ló máa rí i."

"Ìwọ ni bíríkìlà báyìí?"

"Èmi ni màá máa dáná níbẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dúró nìyẹn. Bíríkìlà ní ká ránṣẹ́ pe òun tí a bá fẹnu kò, ó bá tirẹ̀ lọ. Táìsì wà lórí iyanrìn, adìyẹ ń rìn lórí wọn. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún ọkọ mi, á jẹun tán, á ní ọbẹ̀ dùn, á wá fi kún un pé, "Ṣánṣán ṣáá ni o." Ẹ̀rín a máa pa mí, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kó rí eyín mi.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ègùn ni wọ́n, Yorùbá ẹnu wọn kò pọ̀, wọn kò sì dá sí ọ̀rọ̀ náà. Àwa náà kò bi wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ gbálẹ̀ àgbàlá, mo bá wọn lórí eékún nínú iyanrìn. Wọ́n ti tú èyí tí bíríkìlà tò, wọ́n ń to táìsì ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, èkejì kọjú sósì, bí egungun ẹja.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

Wọn ò gbójú sókè. "Ìyàwó, báyìí ni mo rí i ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Faransé. Ìyá mi ń dáná fún àwọn kan tó ti ilẹ̀ Bùràsíìlì dé. Ilé ìwẹ̀ wọn rí báyìí. Èmi ni mo ń pọnmi síbẹ̀. Mi ò wẹ̀ níbẹ̀ rí."

Ọkọ mi ti jáde síta, pákò lẹ́nu. Ó wo ìyá rẹ̀ títí.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Ilé yín ni."

Ó yọ pákò lẹ́nu, ó kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó ní kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń tò ó han òun. Èmi náà ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀.

Bíríkìlà padà dé, ó kùn pé tí òun bá tò ó bí egungun ẹja nílé ìwẹ̀, gígé etí táìsì yóò fi ọ̀pọ̀ ṣòfò. Òótọ́ ló sọ. Ti ilé ìwẹ̀ kò ga ju àyà ènìyàn lọ, ẹ̀yìn ààrò nìkan ni ìyókù sì tó bò nílé ìdáná. Bíríkìlà to ìyẹn bí bíríkì fún mi. Ọkọ mi kò rí ṣánṣán kankan. Ó ní obìnrin méjì ti ṣẹ́gun òun, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀, wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi fi kan ilẹ̀kùn. Wọ́n fi Ègùn dá a lóhùn pé kó jẹ́ kí àwọn gbádùn.

Nígbà tí mo bímọ, Màmá ni wọ́n ń wẹ ọmọ níbẹ̀, omi ọ̀hún á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á máa bá a sọ Ègùn. Ibẹ̀ ni gbogbo àwọn ọmọ mi ti gbọ́ ọ. Èmi tí mo ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀ lèmi náà fi mọ̀ ọ́n.