Ariwo Inú Àpótí Béèsì Mi

Nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ìjọba, tí ọjà òkèèrè wọ́n bí ojú, mo ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwó, mo sì ń ta gìtá béèsì fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ohun tí mo fẹ́ ni kí béèsì mi máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá, kí ohùn rẹ̀ máa fà lẹ́yìn. Àwọn olórin ìlú ńlá ní àpótí kékeré kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Èmi kò rí i rà, mo bá ní n óò ṣe tèmi.

Mo tú ańpilifáyà àtijọ́ kan, mo yọ sípíríǹgì tín-ín-rín inú rẹ̀, mo nà wọ́n sínú páànù bísíkíìtì. Bí ohùn gìtá bá gba orí kan wọlé, sípíríǹgì á gbọ̀n, ohùn náà á sì gba orí kejì jáde pẹ̀lú ìrù gígùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ti ṣe é, ní ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, Màámi ni mo sì ń pè wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, ilé ìwòsàn ti fún wọn ní oògùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa lò láràárọ̀. Bí mo bá ń yọ́ òjé sórí wáyà, wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á fi ìborùn bo imú.

"Kí lo tiẹ̀ ń sun níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi? Ó ń rùn bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tí wọ́n ń wi."

"Ẹ má bínú, Màámi. Ó ti fẹ́ẹ̀ parí."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ so ó mọ́ ańpilifáyà, ohun tó jáde kì í ṣe orin. Ó ń kùn bí eṣinṣin tó bo ìfun ẹran lórí àtẹ alápatà. Mo yọ gìtá kúrò, kíkùn náà kò dáwọ́ dúró, mo mọ̀ pé gìtá kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo yọ àpótí náà kúrò lára iná, mo fi bátìrì sí i, ó sì rọlẹ̀. Tíráńsífọ́mà tí mo kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ sípíríǹgì ló ń kùn sí i lára. Mo gbé e jáde, mo fún un ní ilé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni rédíò wọlé. Bí mo bá ti dákẹ́ orin, ọkùnrin kan á máa ka ìròyìn lábẹ́lẹ̀ nínú sípíkà mi. Mo pààrọ̀ wáyà sí èyí tí wọ́n fi àwọ̀n irin wé, mo so àwọ̀n náà mọ́ ara páànù, ọkùnrin náà sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Nígbà náà ni àpótí mi tó kọrin.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ìjọ ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ọwọ́ ọ̀gá akọrin wa ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo mọ̀ pé ó jù mí lọ, ẹnu mi ni kò gbà láti pè é ní "wọ́n" mọ́. Bàtà funfun ló máa ń wọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dẹ́kun ṣingọ́ọ̀mù jíjẹ. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó máa ń kó àwọn ìyá jọ fún àdúrà nínú pálọ̀ rẹ̀. Màámi kì í pa á jẹ.

Kò pẹ́ tí ariwo mìíràn fi bẹ̀rẹ̀. Èyí kò kùn. Ó ń ta pàrà-pàrà bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná, òórùn kan sì ń tẹ̀lé e. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo pààrọ̀ wáyà gìtá, pàbó ni. Mo wá ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo gún àpótí náà láti ìta, igun kan sí ìkejì. Bí mo ti kan igun ọ̀tún, ariwo sọ. Mo tú ìdérí.

Òórùn itọ́ ẹni tó sùn, tó gbẹ sórí ìrọ̀rí, ló kọ́kọ́ gbá mi nímú. Ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ti jẹ ni, ìṣù lórí ìṣù, ojú eyín ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n fi òmíràn di ìdí sípíríǹgì mú, wọ́n fi òmíràn lẹ wáyà kan tí n kò mọ̀ mọ́ páànù. Èèrà bò ó débi pé mo rò pé ṣingọ́ọ̀mù náà ló ń rìn. Aáyán kan ti kú sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sókè. Níbi tí itọ́ ti kan bàbà, ó ti hu àwọ̀ ewé. Mo fi ọ̀bẹ ha á, ó ń fà bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Mo wé e sínú bébà pẹ̀lú aáyán náà, mo fi í pamọ́.

Mo tọ wáyà àjèjì náà lọ. Ihò tí wọ́n lè ti máìkì bọ̀ ni wọ́n lu sí ẹ̀gbẹ́ páànù fún un.

Mo bá ọ̀gá akọrin nínú yàrá ìkọrin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣí àpótí mi?"

"Èmi ni. Sípíríǹgì kan yọ, mo bá ọ lẹ̀ ẹ́. Ṣe ló yẹ kó o máa dúpẹ́."

"Máìkì wo lẹ so mọ́ ọn?"

"Ti àdúrà ni. Èmi á wà ní yàrá, sípíkà á wà ní pálọ̀. Bí àwọn ènìyàn kò bá rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọkàn wọn máa ń tètè rọ̀."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, mo rí ṣingọ́ọ̀mù náà láàárín eyín rẹ̀. "Èmi kò sọ pé Ọlọ́run ni. Àwọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹsẹ̀ Màámi tó ti ń wú láti ọjọ́ mélòó kan ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo yára lọ sílé.

"Màámi, oògùn yín dà?"

"Mo ti dá a dúró. Ohùn náà pe orúkọ mi. Ó ní ẹni tí òun bá ti wò sàn kò gbọdọ̀ gbé hóró oògùn mì mọ́."

Mo sọ ẹni tó ni ohùn náà fún wọn. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú ẹ̀sìn.

"Má sọ̀rọ̀ òdì, ọmọ mi. Ohùn ènìyàn kì í dún bẹ́ẹ̀."

Mo fi kẹrosíìnì fọ àpótí náà, mo fi òjé mú sípíríǹgì padà sí àyè rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé sípíkà sí yàrá, mo fún Màámi ní máìkì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sí i."

"Kí ni kí n sọ?"

Ohùn wọn ti inú yàrá dáhùn, ó tóbi, ó ń fà títí dé àjà. Wọ́n pe orúkọ ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, orúkọ náà sì padà wá bá wọn bí ẹni pé ọ̀run ló ti ń bọ̀. Wọ́n rọra gbé máìkì náà kalẹ̀ bí ẹni tó di òkú eku mú.

"Kí ló wà nínú bébà ọwọ́ rẹ yẹn?"

Mo ṣí i. Wọ́n wo ṣingọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú aáyán inú rẹ̀, wọ́n tutọ́ sí ìta.

"Ẹnu tó jẹ èyí ló ní kí n má lo oògùn mọ́?" Wọ́n nàka sí yàrá. "Lọ bá mi mú àpò oògùn náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

A lọ sí ilé ìwòsàn. Wíwú ẹsẹ̀ wọn lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú òsì wọn ti ṣú, kò sì là padà dáadáa mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n lọ sọ ohun tí wọ́n rí fún àwọn ìyá tó kù. Àwọn kan gbọ́, wọn kò lọ mọ́. Àwọn kan ní ìlara ló ń bá wa jà. Ọ̀gá akọrin kò kúrò lórí àga rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú ìjọ kò sì bi í ní ìbéèrè kan. Ìyẹn rí mi lára ju èèrà àti aáyán lọ. Mo gbé gìtá mi kúrò níbẹ̀, mo lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ kan tó ń kọrin ní Kuta.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọ̀gá akọrin ránṣẹ́ sí mi pé kí n yá òun ní àpótí náà. N kò yá a. Nígbà tí a pàdé lọ́nà ọjà, ó na ọwọ́ sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, kí n má baà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.