Ahọ́n Tó Ń Tọ́ Iyọ̀ Wò

Ọdún méjìlélógún ni obìnrin náà ti ń lọ ẹran màlúù, tó ń rọ ọ́ sínú ìfun fífọ̀, tó ń tà á ní sọ́sééjì. Yàrá kan. Tábìlì onírin. Ẹ̀rọ ìlọran tó ń kérora bí ẹni tí eyín ń dùn. Ahọ́n-Ò-Purọ́ ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí kì í wọn iyọ̀. Bó bá po ẹran tútù mọ́ iyọ̀ àti ata tán, á ti ìka bọ̀ ọ́, á tọ́ ọ wò, á gbé e mì.

"Ó ku díẹ̀." Tàbí, "Ó tó."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń yí ẹ̀rọ kì í bá a jiyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ohun funfun kan nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Pẹlẹbẹ, kò ju èékánná lọ. Ó ń yíra.

Ó da omi sí i, ó panu mọ́. Ó ra oògùn aràn ní kẹ́míìsì, ó lò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ohun funfun tún dé. Ó rà á lẹ́ẹ̀kejì, pàbó. Inú rírun kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Bí dókítà bá ní kó fi ẹran sílẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni ahọ́n rẹ̀ tún mọ̀?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ ti lọ ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ yìí. Ṣé ẹ ń sin adìẹ níbẹ̀ ni?"

"Gbájú mọ́ ẹ̀rọ ẹ."

"Ara ẹ̀rọ le. Tiyín ni mò ń bi yín."

Wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò. Dókítà, obìnrin tí kò tíì tó ọmọ ogójì ọdún, bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Aràn pẹlẹbẹ ni, mà. Ó máa ń gùn bíi téèpù aránṣọ; ègé ara rẹ̀ lẹ ń rí. Inú ẹran tí kò jinná ló ti ń wọ èèyàn. Ṣé ẹ máa ń jẹ ẹran tútù?"

"Èmi? Ṣé ajá ni mí ni?"

"Ahọ́n wọn ò purọ́, dókítà," ni àbúrò wí. "Wọn ò jẹ ẹ́. Wọ́n kàn ń tọ́ ọ wò ni. Bí ogún ìgbà lóòjọ́."

Obìnrin náà wo ìka rẹ̀. Ìtọ́wò kì í ṣe oúnjẹ. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

"Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Ìka yẹn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀."

Dókítà wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, ó fún un ní oògùn mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kó gbé ìgbẹ́ wá lẹ́yìn oṣù kan, kó tún gbé e wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí bí orí aràn bá ṣẹ́kù sínú, ara rẹ̀ á tún hù.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ojú ló fi díwọ̀n iyọ̀. Mẹkáníìkì tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ dá tirẹ̀ padà.

"Ìyá, ṣé òkun lẹ rọ sínú eléyìí?"

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé sítóòfù kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó bu ẹran tín-ín-rín, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó dín in títí pupa fi kúrò nínú rẹ̀. Ó fẹ́ ẹ. Ó tọ́ ọ wò.

"Ó ku díẹ̀."

Lóṣù kẹta, wọn ò rí nǹkan kan nínú ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó kí dókítà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ ti po ẹran sílẹ̀; ìkánjú ń ṣe é, ó sì ti ìka bọ abọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣíbí gbá a lọ́wọ́.

"Sítóòfù ń bẹ níbẹ̀ yẹn."