Ọjọ́ Tí Mo Sá fún Ẹ̀rọ Gaàrí Mi

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí mo sá fún ẹ̀rọ ara mi lójú àwọn obìnrin ìlú wa, Ìṣẹ́. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀.

Láàárọ̀, Fúnkẹ́, ọmọ olóògbé ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, gbé fọ́ọ̀mù yunifásítì wá kí n fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ síbẹ̀. Mo ní, "Lọ yí i sí iṣẹ́ tíṣà. Obìnrin kì í bá ẹ́ńjìnì ṣeré."

Bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ra ẹ̀rọ, n kò fọwọ́ kàn án rí. Òjó, òṣìṣẹ́ mi, ló ń bá mi tan án. Lọ́jọ́ yẹn, Òjó lọ sìnkú ní Ẹmùrẹ́, àwọn obìnrin sì ti to gbágùúdá wọn kalẹ̀. Wọ́n ní kí n tan ẹ̀rọ. Mo yí ọwọ́ rẹ̀, ó bú ramúramù, ó tu èéfín dúdú. Kí n tó mọ̀, mo ti sá bọ́ sáàárín òkìtì èèpo gbágùúdá.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ké sí mi pé, "Bàbá Dúpẹ́, ṣé ulé lẹ ń sá lọ ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Fúnkẹ́, tó ṣì mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ dání, lọ sídìí ẹ̀rọ, ó fọwọ́ tún nǹkan kan ṣe, ariwo náà sì rọlẹ̀. "Bàbá, ẹ máa bọ̀. Kì í jẹ èèyàn."

Èèpo ṣì wà lórí fìlà mi nígbà tí mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà.

Fúnkẹ́ ti di ẹnjiníà báyìí. Bí wọ́n bá kí mi pé mo kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.