Ìbínú Tó Wà Lọ́rùn

Nọ́ọ̀sì Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn, nítorí kì í fọwọ́ kan aláìsàn láìkọ́kọ́ sọ pé "pẹ̀lẹ́", ìbáà jẹ́ ẹni tó ń gbọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan bí ẹyẹ tí ebi ń pa. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá dákẹ́ díẹ̀ báyìí, ìyàwó òun á ti di òun lọ́rùn ọwọ́ mú, á máa ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá a rẹ́ ládùúgbò, ìyẹn onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀, àfi bí ìwà rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ń jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú tí ìyàn mú dé, síbẹ̀ ńṣe ló ń rù. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń wọ súwẹ́tà, òun ń làágùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi rọra ń gbé orí wọn lọ síbòmíràn, ẹni tó bá sì béèrè ohun tó ń ṣe é, ìjà dé. Lọ́jọ́ kan ó bú nọ́ọ̀sì lójú gbogbo ayé nítorí omi ìfọṣọ tó ṣàn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé, ojú ọ̀run ni nọ́ọ̀sì ń wò.

Àfi bí wọ́n ṣe gbé onígbàjámọ̀ wọ wọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ikọ́ ló kọ́kọ́ ń hú, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lá àlá. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ọkàn rẹ̀ ń sáré, ó sì ń bá àwọn tí kò sí níbẹ̀ jà. Nọ́ọ̀sì wo ẹyinjú rẹ̀ tó yọ síta, ó wo ọrùn rẹ̀ tó wú. Ó dùn ún pé òun kò wo ọkùnrin yìí dáadáa láti ọjọ́ yìí.

Dókítà ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé nǹkan kékeré kan wà lọ́rùn gbogbo wa tó ń pàṣẹ bí ara yóò ṣe yára tó. Ti ọkọ rẹ̀ ti ń pàṣẹ ju bó ṣe yẹ lọ, ikọ́ yìí ló wá bu epo sí iná náà. Bí wọn kò bá tètè rọ̀ ọ́ wálẹ̀, ọkàn lè sáré títí kó dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn tó ń dá nǹkan ọrùn náà lọ́wọ́ kọ́, lẹ́yìn náà ó dúró kí ìyẹn ráyè ṣiṣẹ́ kó tó fún un ní ìkejì, nítorí bí ìkejì bá ṣáájú, ńṣe ló máa fún nǹkan ọrùn náà lókun sí i. Omi ń kán wọ iṣan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tó ń rọ ọkàn. Ó tẹ́ aṣọ tútù sí i lábíyá, ṣùgbọ́n bí òtútù ṣe fẹ́ mú un gbọ̀n ló yọ ọ́, torí gbígbọ̀n a máa dá ooru padà. Ó fa kọ́tìnì, ó ní kí gbogbo ènìyàn rẹ ohùn sílẹ̀. Àbúrò ọkùnrin náà mú asipirín wá fún ibà yẹn. Nọ́ọ̀sì dá a padà tìfẹ́tìfẹ́, ó ní irú èyí lè tún mú kí àìsàn náà gbóná sí i, pé parasítámọ̀ ni wọ́n ń lò fún un.

Onígbàjámọ̀ ta á nípàá, ó bú u, ó pè é ní olè. Pẹ̀lẹ́ náà ni nọ́ọ̀sì ń wí.

Nígbà tó ṣe, láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìlù ọkàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ara tutù. Onígbàjámọ̀ lajú, ó wo obìnrin tó ń tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin mà nìyí. Mo rò pé ẹ kì í kí mi."

"Mi ò tíì kí ọ," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Iṣẹ́ ni mò ń ṣe." Ó tún ìrọ̀rí náà ṣe tán kó tó wí pé, "Ó dáa, o káàárọ̀."

Lọ́jọ́ náà, ìyàwó onígbàjámọ̀ fa nọ́ọ̀sì sí kọ̀rọ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀ láti máa lọ sílé bàbá rẹ̀ kí àìsàn yìí tó gbé ọkọ rẹ̀ dè.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìbínú yẹn, ṣé àìsàn ni?"

"Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àìsàn ni. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn oògùn, ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ ni ín."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó délé, ó tú ẹrù.

Wọ́n gbé onígbàjámọ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn kò le tó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ó relé. Nọ́ọ̀sì kọ́ tọkọtaya náà pé kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró nítorí pé ara ti yá, àti pé bí ibà bá mú un tí ọkàn sì ń sáré, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà lọ tààrà. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹran padà sára rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń yọ́ padà wá, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí ẹni tí kò lọ síbì kankan rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kan, nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ gẹrun lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn ọkùnrin ń jiyàn bọ́ọ̀lù níbẹ̀, onígbàjámọ̀ sì ta kú pé òun kò ní gbà. Atẹ́gùn fáànù ń fẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, oorun sì gbé e lọ kí wọ́n tó parí iyàn wọn.