Oòrùn Ọjọ́ Ẹtì Nínú Ihò Àpáta

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kan erùpẹ̀ pupa ní Ìkẹ́nnẹ́, òórùn tó máa ń jáde látinú ilẹ̀ yẹn, ibi tó jìnnà ló máa ń gbé mi lọ: aṣálẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí erùpẹ̀ rẹ̀ pupa bíi tiwa gan-an, àmọ́ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ló ń gbé lọ́hùn-ún. Èmi àti màmá wa lọ kí i, èmi sì ni mo ní ká wá nǹkan lọ wò kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan máa ń fi bọ́ọ̀sì kó èèyàn lọ wo àfonífojì tóóró kan tí omi ti gbẹ́ sáàárín àpáta láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ kan. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni àyè ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀, Sátidé ni Ọjọ́ Ìsinmi nílé wa, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀: kí oòrùn tó wọ̀, oúnjẹ ti jinná, aṣọ ti wà ní lílọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà mọ́, torí Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé nìyẹn.

Mo mọ ohun tí Màmá ń rò. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo fi ọkọ̀ mi gbé wọn bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Ẹtì, mo ní a ó délé kílẹ̀ tó ṣú. Mo wá dúró ra búrẹ́dì, mo tún yà kí ọ̀rẹ́, bí oòrùn ṣe wọ̀ mọ́ wa lórí ní Interchange Ṣàgámù nìyẹn, láàárín ariwo àwọn tó ń ta oúnjẹ. Láti ogójì ọdún tí Màmá ti ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́, kò bá wọn lójú ọ̀nà rí. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ń sunkún jẹ́jẹ́ títí a fi délé. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ní mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, abọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bu oúnjẹ sí. Tèmi á wà nínú ìkòkò, ìgbà tí mo bá dé ni mo dé. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Mo ní, “Màmá, ẹ gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. A ó délé kí oòrùn tó wọ̀.” Wọ́n wò mí títí, wọ́n lọ wọ bàtà.

Amọ̀nà wa jẹ́ ìyá àgbà kan, ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, tó ń rọra rìn bí ẹni tó ń lọ sóko ara rẹ̀. A gba ẹnu ihò kan wọlé, a ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá na apá méjèèjì, ọwọ́ mi á kan àpáta lọ́tùn-ún lósì, ara rẹ̀ sì tutù bí ìkòkò omi. Màmá ń fọwọ́ pa á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi ń ya fọ́tò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Lójijì, ibi gbogbo ṣú. Màmá dúró sójú kan, wọ́n ní oòrùn ti wọ̀. Mo yọ fóònù: aago mẹ́ta. Àbúrò mi yọ tiẹ̀: aago mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ ààlà ìpínlẹ̀ méjì la wà, aago wọn ò sì dọ́gba, àmọ́ ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ilẹ̀ ṣú? Màmá ní kí àwa méjèèjì lọ fẹnu kò ná. Wọ́n jókòó sórí òkúta, wọ́n yọ ìwé orin nínú báàgì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin kí Ọjọ́ Ìsinmi káàbọ̀. Wọn ò ní gbé ẹsẹ̀ kan mọ́. Àpáta ń gba ohùn wọn, ó ń dá a padà fún wa. Àwọn òyìnbó tí a jọ wọ bọ́ọ̀sì wá ń tẹ́tí gbọ́ lẹ́yìn wa. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyá mi ò tún ní gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́ láyé.

Mo ṣàlàyé fún amọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó jẹ́ kí wọ́n kọrin náà tán, ó wá nàka sókè, mo sì ń túmọ̀ ohun tó sọ.

“Ìyá, ẹ wòkè.”

Lókè réré, níbi tí àpáta ti parí, ìtànṣán oòrùn ń pọ́n fòò létí rẹ̀. Òjìji àpáta ló bò wá. A gun àkàsọ̀ irin jáde, ni oòrùn bá ràn sí wa lójú bí ọ̀sán gangan. Ara tù mí débi pé mo jókòó sínú erùpẹ̀ láìwẹ̀yìn. Màmá ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Àṣé inú ihò la wà.”

Nígbà tí a délé, oòrùn ṣì wà lókè. Màmá wẹ̀, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n yọ aṣọ funfun wọn sílẹ̀, wọ́n wá pè mí sójú fèrèsé kí n wá bá wọn wo bí oòrùn yóò ṣe wọ̀. Nígbà tó wọ̀ tán, wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Ọmọ mi, ti Interchange ti tán.”

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu tó bá ti já kì í ṣeé so mọ́. Ó ṣeé so, àmọ́ ẹni tó so ó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Mi ò yà ra búrẹ́dì mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Tí mo bá sì wọlé ní Ìkẹ́nnẹ́ kílẹ̀ tó ṣú, abọ́ méjì ni mo máa ń bá lórí tábìlì, tèmi wà ní bíbò.