Ta Ló Ń Fa Omi Gbígbóná Wa?

Nígbà tí oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ wò ó, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe hítà wa. Mo ní irọ́ ni. Bí mo ṣe rí nìyẹn nígbà náà: bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òjò ń rọ̀, màá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé kí n tó gbà.

Nǹkan bí ọdún 1982 ni. Èmi àti ìyá mi nìkan là ń gbé òkè ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Igbein. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìyá mi ń lọ sí Ọ̀fàdà lọ ra ìrẹsì wá tà. Ìyá aláró kan ló gba yàrá méjì nísàlẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló sì ti ń rẹ aṣọ rẹ̀ láró.

Èmi ni mo ra hítà náà. Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri balùwẹ̀ lókè, ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní omi tí iná mànàmáná bá sè kò ní kan ara àwọn láéláé, pé ó ń gbẹ oje ara. Wọ́n sọ ọ́ débi pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ. Èmi nìkan ni mò ń fi í wẹ̀, ní ìdájí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kó dákẹ́ di ọjọ́ kejì.

Kò dákẹ́. Bí mo bá ti dé lọ́sàn-án, màá bá a tó ń kan kọ̀-kọ̀-kọ̀ lára ògiri, á tún wá máa kùn bí ẹni tí inú ń run. Mo pe oníṣẹ́ iná padà. Ó fi ẹnu sikurudiráfà kan ara táńkì, ó fi ìdí rẹ̀ ti etí, ó ń gbọ́. Ó tú u, ó kó ẹ̀kúnwọ́ nǹkan funfun kan bí ẹfun jáde, ó ní omi wa ló ní òkúta nínú. Kíkùn náà lọ. Kíkàn náà ò lọ.

"Àǹtí," ó ní, "irin tó gbóná tí omi tútù já lé lórí ló ń dún bẹ́ẹ̀. Omi tútù ò sì lè wọ inú ẹ̀ àfi kí ẹnìkan fa ti gbígbóná jáde. Ẹnìkan ń lò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, mo ti ní kí púlọ́mbà fa ẹ̀ka kan wá sí ẹ̀yìnkùlé fún fífọ aṣọ. Ta ló wà lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ ṣúlẹ̀ bí kì í bá ṣe ìyá aláró? Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ọ. Bó bá kí mi pé "ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Tísà," ọwọ́ rẹ̀ ni màá máa wò, bóyá omi gbígbóná ti mú un pọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ aláró, kí lèèyàn fẹ́ rí níbẹ̀ ju dúdú lọ?

Ní Sátidé kan mo pè é sókè, mo bi í lójú ìyá mi.

"Omi gbígbóná kẹ̀?" ó ní. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Á pa aró mi ni. Aró ò fẹ́ ju omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ."

Mo ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Mo ní kó wá ilé mìíràn kí oṣù tó parí. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ó wo ojú mi, ó wo ojú ìyá mi pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa," ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìyá mi ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lórí atẹ, wọn ò gbójú sókè. "Ọlọ́run ń rí gbogbo wa," ni wọ́n wí.

Síbẹ̀ mo fẹ́ ẹ̀rí. Ìfura loògùn àgbà, mo sì ti sọ ara mi di àgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi òwú dúdú so ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ kí n tó jáde. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, òwú wà bí mo ṣe so ó, hítà sì ń kanlẹ̀kùn lókè. Ẹni tó bá lójú á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọjú sí. Èmi gbà pé ìyá aláró tú u, ó lò ó, ó sì tún un so. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí o.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà, ìdánwò tètè parí níléèwé, mo sì dé ṣáájú àkókò mi. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti gbọ́ omi tó ń dà. Kì í ṣe láti ẹ̀yìnkùlé. Mo ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ìyá mi jókòó lórí àpótí nínú ooru, wọ́n ká aṣọ sí itan, wọ́n ń fi tówẹ̀lì gbígbóná di orúnkún ọ̀tún tó wú tó ń dán.

Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"N ò lè gbé ìkòkò omi kúrò lórí sítóòfù mọ́," wọ́n ní. "Bí mo bá sì wí fún ọ, wàá ní n má lọ sí Ọ̀fàdà mọ́."

"Ìyá aláró ńkọ́, Màmá?"

Wọ́n yí tówẹ̀lì náà sí apá kejì. "Mo rò pé inú rẹ á rọ̀ ni."

Inú bí mi sí wọn, ojú sì ń tì mí, n kò mọ èyí tó ṣíwájú. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi: pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, pé oníṣẹ́ iná ló ṣì mí lọ́nà, pé kó forí jì mí. N kò ní dárúkọ ìyá mi. Mo bá ìyá aláró tó ń fi koríko gbígbẹ há àárín àwọn ìkòkò rẹ̀ kí wọ́n má baà fọ́ lọ́nà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka irọ́ mi.

"Àǹtí, ẹ dìde," ó ní. "Mo ti gba yàrá ní Ìtòkò, mi ò bínú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí Màmá máa gun àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Orúnkún yẹn ń le sí i."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

Ó na ìka sí àjà pákó tó wà lókè orí wa. Ó ní láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lòun ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá tó ń wọ́ nílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán, láti yàrá dé balùwẹ̀, omi á sì máa dà. "Ṣé èmi ni màá wá tú àṣírí ìyá yín fún yín?"

Gbogbo oṣù yẹn ni mo fi ń fetí sí ilé náà, láti orí páìpù dé orí táńkì. N kò gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá mi.